Láti Man O' War Bay dé Asaya

Ọjọ́ ìrìn gígùn ni ó le jù nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn agùnbánirọ̀ ń lò ní kám̀pù Asaya ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tí fèrè sójà yóò fi dún. Wọn á jáde nínú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò péńpé funfun àti bàtà kánfáàsì, plátúùnù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn aṣáájú tirẹ̀. Wọn á gbàdúrà, wọn á kọ orin orílẹ̀-èdè, géètì á ṣí, ó di ojú títì. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ni nínú Man O' War, ẹgbẹ́ tí ń kọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní iṣẹ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń sáré sí. Èmi ni mo ń lé orin, àwọn ni wọ́n ń gbè é. Ọmọ Ponyan ni mí. Yagba ni wá, ìjọba ìbílẹ̀ Kabba-Bunu sì ni Asaya wà, ṣùgbọ́n ọmọ Okun ni gbogbo wa. Àlejò ilé wa ni mo ka àwọn ọmọ tí wọ́n ń ti Kano, Calabar àti Abẹ́òkúta wá sí.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín àti ariwo ni. Bí oòrùn bá yọ, tí ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, orin á rọlẹ̀. Àwọn ìyá tí ń lọ sóko á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọn á máa kí wọn: “Okun o! Okun o!” Ọmọ tí kò gbọ́ èdè wa á mọ̀ pé ìkíni ni, á sì juwọ́. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó ti ń fẹsẹ̀ rìn láti kékeré. Ní Ponyan nígbà èwe mi, ẹsẹ̀ ni a fi ń lọ oko, ẹsẹ̀ náà ni a sì fi ń ru iṣu bọ̀. Ẹni tí kò rin irú rẹ̀ rí á fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì. A kì í gbà kí plátúùnù rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ẹnì kan á gba ike omi rẹ̀, ẹlòmíràn á fún un ní èjìká.

Bí wọ́n bá padà dé kám̀pù, okùn àti ògiri ṣì ń dúró dè wọ́n. Ògiri ni mo fẹ́ràn jù. Ó ga ju ẹni tí ó ga jù nínú wọn lọ, kò sì ní àkàbà. Ẹni àkọ́kọ́ á gun èjìká àwọn méjì. Bí ó bá dókè, á dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, á na ọwọ́ sí ẹni kejì. Àárín ni àwọn tí ó wúwo ń gùn ún, nígbà tí ọwọ́ ṣì pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni ìkẹyìn ni ìṣòro, nítorí kò ní sí ẹni tí yóò tì í lẹ́yìn mọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó fúyẹ́ tí ó sì lè fò dáadáa, kí àwọn tó wà lókè lè gbá a lọ́wọ́ mú. Plátúùnù tí kò bá ro ti ẹni ìkẹyìn kí ẹni àkọ́kọ́ tó gùn, ìdí ògiri ni yóò há sí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé sójà ni ó dá gbogbo èyí sílẹ̀ láti fi jẹ wọ́n níyà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ti wà kí NYSC, ètò àwọn agùnbánirọ̀, tó wà, etí òkun ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1951 ni òyìnbó kan, Alec Dickson, dá ilé ìkọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, nítòsí Victoria, ìlú tí wọ́n ń pè ní Limbe lónìí. Nígbà náà, ọ̀dọ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ṣàkóso gúúsù Kamẹrúùnù. Èrò tí Dickson mú lò ti wà ní Aberdovey, ní Wales, níbi tí Kurt Hahn, ọmọ Jámánì tí ó sá fún ìjọba Hitler, ti bá àwọn ẹlòmíràn dá ilé ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní 1941. Ogun ń jà lórí òkun nígbà yẹn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí ọkọ̀ bá rì, àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ tí ara wọn le ni ó ń tètè kú, àwọn àgbà ni ó ń yè é. Ohun tí àwọn àgbà ní tí àwọn ọ̀dọ́ kò ní ni wọ́n fẹ́ máa fi kọ́ni.

Àwọn ọ̀dọ́ láti ẹkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pàdé ní Man O' War Bay. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, wọ́n la igbó kọjá, wọ́n bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́, wọ́n sì gun òkè Kamẹrúùnù tí ó ju 4,000 mítà lọ. Omi, igbó, òkè: wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀ báyìí kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìdíje triathlon àkọ́kọ́, ti lúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ àti eré sísá, ní San Diego ní 1974. Nígbà tí ó wọ Òlíńpíìkì ní Sydney ní 2000, lúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.5, kẹ̀kẹ́ 40, eré sísá 10. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ń ṣe é, ṣùgbọ́n aago ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ní tiwa, ẹni tí ó bá nìkan dé orí òkè kò tíì dé.

Ní oṣù Èrèlè 1961, gúúsù Kamẹrúùnù dìbò láti bá Kamẹrúùnù lọ. Nígbà tí ó di oṣù Ọ̀wàrà, ó lọ. Ètò náà pàdánù òkun àti òkè rẹ̀. Orí àpáta Shere lẹ́bàá Jos ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ òkè lọ, Àpápá ní Èkó ni wọ́n sì ti ń kọ́ ti omi. Shere ni èmi ti kọ́ tèmi, nínú òtútù ọyẹ́.

Nígbà tí ìjọba Gowon fi òfin kẹrìnlélógún dá NYSC sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Èbìbí 1973, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn bá ara wọn jà ni wọ́n fẹ́ kó pọ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láti Man O' War Bay.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára nítorí ibi tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Okun, orí òkè ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí àwọn jagunjagun Nupe ń kó wọn lẹ́rú. Kabba ni àwọn ọmọ ogun Nupe láti Bida pàgọ́ sí títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897, nígbà tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, lé wọn kúrò. Mo ti dúró ní ìdí ògiri Asaya, èmi ọmọ Ponyan, kí ọmọ Bida fi èjìká mi gòkè, kí ó sì na ọwọ́ fún ọmọ Ẹnúgu tí ó kù nísàlẹ̀.

Bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ dín iṣẹ́ kám̀pù kù, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má fọwọ́ kan ọjọ́ ìrìn àti ògiri yìí. Nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Man O' War Bay, omi nìkan ni ó ṣẹ́ kù tí a kò tíì dá padà sí kám̀pù. Lokoja, ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ni odò Ọya àti Benue ti pàdé. Ọkọ̀ ń dojú dé lórí odò náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ti gun ògiri wa kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún lúwẹ̀ẹ́ kíkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ nínú adágún kékeré tí omi rẹ̀ mọ ní àyà.