Ojú Ọ̀nà Repack

Repack ni orúkọ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pe ọ̀nà erùpẹ̀ kan tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Pine Mountain lọ sí àfonífojì Cascade Canyon, nítòsí ìlú Fairfax, ní Káúńtì Marin, ìpínlẹ̀ Kalifọ́rníà, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ojú ọ̀nà yìí ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje láàárín ọdún 1976 sí 1984. Eré ìje náà wà lára ohun pàtàkì tó mú kí kẹ̀kẹ́ orí òkè di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí kò gùn ju nǹkan bíi máìlì 2 lọ fi gbajúmọ̀ ju ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó gùn tó sì lẹ́wà jù ú lọ.

Bí ọ̀nà náà ṣe rí

Káúńtì Marin wà ní àríwá ìlú San Francisco, ní òdìkejì afárá Golden Gate. Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ máa ń gbẹ gan-an, iná sì máa ń jó igbó. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sí àwọn òkè náà, kí ọkọ̀ panápaná lè ráyè dé ibi tí iná bá ti ṣẹ́ yọ. Wọn kò la Repack fún kẹ̀kẹ́ rárá.

Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀nà náà rẹlẹ̀ tó nǹkan bíi 1,300 ẹsẹ̀ bàtà (mítà 400). Èyí túmọ̀ sí pé bí ènìyàn bá lọ síwájú ní mítà 8, yóò ti sọ̀kalẹ̀ tó mítà 1. Ọ̀gbàrá òjò ti wa ojú ọ̀nà náà ní kòtò, òkúta wẹ́wẹ́ wà káàkiri, ọ̀pọ̀ kọ́nà ibẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ènìyàn kò lè rí ohun tó wà níwájú. Àwọn tó ń sáré níbẹ̀ fún àwọn kọ́nà náà lórúkọ. Camera Corner ni wọ́n ń pe ọ̀kan, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán máa ń dúró sí láti ya àwọn tó ń bọ̀ àti àwọn tó ń ṣubú.

Orísun orúkọ náà

Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1949 ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń gùn, pàápàá Schwinn Excelsior. Táyà rẹ̀ tóbi, irin rẹ̀ wúwo, ó sì lágbára. Inú wíìlì ẹ̀yìn ni bíréèkì rẹ̀ wà: bí ẹni tó ń gùn ún bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ á dúró. Ṣùgbọ́n lórí Repack, bíréèkì náà máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á yọ́, á sì máa rú èéfín. Kí ènìyàn tó tún lè gun òkè náà, ó ní láti tú wíìlì ẹ̀yìn palẹ̀ kí ó sì ki gíríìsì tuntun sínú rẹ̀. Ìkìpadà yìí ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, Repack, túmọ̀ sí.

Eré ìje náà

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré ìje níbẹ̀. Ohun tó fà á kò ju àríyànjiyàn lọ: ta ló yára jù? Charlie Kelly ló ń ṣètò rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú àwọn olùdíje sílẹ̀, wọ́n á sì fi ìṣẹ́jú 2 sáàárín ẹni kan àti èkejì. Wọ́n mú aago méjì bára mu, ọ̀kan wà lókè, ìkejì wà nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń mọ àkókò tí olúkúlùkù lò. Alan Bonds ló gbégbá orókè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà.

Gary Fisher ló ni àkókò tó yá jù lọ nínú ìtàn eré ìje náà: ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 22. Joe Breeze tẹ̀lé e pẹ̀lú ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24. Láàárín àwọn obìnrin, Wende Cragg ló yára jù. Òun náà ló ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán tí a fi mọ bí ìgbà náà ṣe rí.

Ipa rẹ̀ lórí ìdàgbàsókè kẹ̀kẹ́

Kì í ṣe àwọn ará Marin ni wọ́n kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ gbágungbàgun. Ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gun kẹ̀kẹ́ láti Missoula ní Montana dé St. Louis, ìrìn àjò tó tó máìlì 1,900. Ohun tí Repack fi yàtọ̀ ni pé ó di ibi ìdánwò. Ohunkóhun tí kò bá lágbára lára kẹ̀kẹ́ ni ọ̀nà náà máa ń fọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ borí ní ọjọ́ mìíràn gbọ́dọ̀ wá èyí tó dára jù ú lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi gíà àti bíréèkì ọwọ́ sára kẹ̀kẹ́ àtijọ́ wọn.

Ní ọdún 1977, Joe Breeze fi irin tuntun ṣe kẹ̀kẹ́ kan fún irú ọ̀nà yìí, ó sì pè é ní Breezer. Ní ọdún 1979, Fisher àti Kelly dá ilé iṣẹ́ MountainBikes sílẹ̀, Tom Ritchey sì ń ṣe férémù fún wọn. Ní ọdún 1981, ilé iṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde, èyí tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà káàkiri. Nígbà tó fi máa di ọdún 1996, eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ti wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Atlanta.

Àríyànjiyàn lórí lílo ọ̀nà

Bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ní Marin ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun ẹṣin ráhùn pé eré wọn ti pọ̀ jù àti pé táyà wọn ń ba ilẹ̀ jẹ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ fèsì pé gbogbo ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn aláṣẹ ti fòfin de kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró ní agbègbè náà. Lórí àwọn ọ̀nà panápaná, wọ́n fi òdiwọ̀n sí eré wọn: máìlì 15 ní wákàtí kan. Bí ilẹ̀ tí a kà sí orírun kẹ̀kẹ́ orí òkè ṣe wá di ibi tí òfin ti le mọ́ kẹ̀kẹ́ nìyẹn, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí.

Repack lónìí

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣì lè gba Repack kọjá, ṣùgbọ́n wọn kò sáré ìje níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá pa òfin eré mọ́ yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 kí ó tó dé ìsàlẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àkókò tí Fisher lò. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè ju Fisher lọ láìrú òfin. Breezer àkọ́kọ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, D.C. Ní ọdún 2015 ni wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kẹ̀kẹ́ ti Marin ní Fairfax, níbi tí wọ́n kó orúkọ àwọn akọni eré ìdárayá yìí jọ sí, ní ẹsẹ̀ òkè tí wọ́n ti ń ṣubú, tí wọ́n sì ń dìde.