Dókítà àti Olórin: Ọmọ Ilé Kan Náà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi dókítà tó dàgbà tán, tó wá padà sídìí orin kíkọ, ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní iṣẹ́ ló sú u. Ìtàn àdúgbò kan ní Èkó ò gbè wọ́n.

Bí ẹ bá dárúkọ Ìdí-Àràbà lónìí, LUTH ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkòyè Ransome-Kútì ti kọ́ni nípa ìtọ́jú àwọn ọmọdé, kó tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Ìdí-Òrò, tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ni Fẹlá àbúrò rẹ̀ ń gbé, tó ti ń kọ orin.

Ta ló mú orin wọ ilé wọn? Bàbá wọn àgbà ni, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta, ẹni tó ń fi orin wàásù. Ní 1922, ó gbé orin Yorùbá tó lé ní ogójì sínú àwo fún iléeṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn. Igba, igbá, ìgbà: bí ohùn orin bá ṣi ọ̀rọ̀ gbé, ìtumọ̀ á dàrú. Orin ìsìn tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ kún fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1958, ìṣègùn ni wọ́n ní kí Fẹlá lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orin ló lọ kọ́. Beko, àbúrò rẹ̀, di dókítà ní tiẹ̀, ó sì ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé Fẹlá. Nígbà tí àwọn sójà dáná sun ilé náà ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, ilé orin àti ilé ìwòsàn jọ jóná ni. Nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, Olíkòyè ló bọ́ síta sọ fún ayé pé àrùn éèdì ló pa á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà là lójú.

Ẹnì kan ṣoṣo náà lè ṣe méjèèjì. Ẹ wo Borodin ará Rọ́ṣíà. Ó ti ń kọ orin láti kékeré, àmọ́ ìṣègùn ló kọ́, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì. Ìgbà tó pàdé Balakirev ní 1862 ló tó padà fọkàn sí orin. Àìsàn ló sábà máa ń fún un láyè láti kọ ọ́, débi pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣàwàdà pé kí ara rẹ̀ má yá! Nígbà tó kú ní 1887, àwọn ló parí eré olórin rẹ̀, Prince Igor.

Àwa gan-an ńkọ́? Babaláwo tó ń wo aláìsàn náà ló ń sun ìyẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn tó ń já ewé náà ló ń pe ọfọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló pín iṣẹ́ náà sí méjì fún wa.

Nítorí náà, dókítà tó bá padà sídìí orin ò sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Etí tó fi ń gbọ́ àyà aláìsàn ló fẹ́ fi gbọ́ ohùn èdè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́.