Omi Festac láti 1977

Ní Apple Junction, mẹ́ruwà ṣì ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri. Ó máa ń yà mí lẹ́nu, torí owó epo ni ìjọba fi kọ́ Festac fún àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC ti 1977, pẹ̀lú páìpù omi àti páìpù ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni èrò ya wọ Èkó: ìkànìyàn 2006 ka ju mílíọ̀nù 9 lọ ní ìpínlẹ̀ yìí. Omi páìpù ò tó mọ́. Kálukú bá ń gbẹ́ borehole, nígbà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ soakaway aládùúgbò. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa ò sì jìn. Ìdọ̀tí tó bá jò sí i, ẹ̀rọ á fà á padà sínú ike wa. Ó lè mọ́ lójú, kó ní kòkòrò àrùn. Èmi ò ní mu ún láìsè é.