Ibi Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yóò Sùn: Láti Ẹlẹ́yẹlé dé Ìsọlọ̀

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n bí Ìsọlọ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí a to yàrá akẹ́kọ̀ọ́ sórí ilé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ìtàn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948 tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Yábàá wá kò bá ilé titun níbẹ̀. Ilé ìwòsàn tí àwọn ológun lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Ẹlẹ́yẹlé, ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó lọ sí ibùdó titun ní 1952, wọ́n bá ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán rẹ̀, tí ògiri rẹ̀ ní ihò kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìsọlọ̀ náà ní irú ìtàn yìí. Ní 1977 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, èyí tí ó di Pólítẹ́kíníìkì Ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́yìn náà. Ìsọlọ̀, ìlú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ bí Aswani, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó onígbà díẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún kí olú-ibùdó tó kó lọ sí Ìkòròdú.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí ìjọba fi kún owó oúnjẹ àti ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní 1978, ìfẹ̀hónúhàn tí a mọ̀ sí «Ali Must Go» bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọmọ tálákà tí kò rí ibi sùn, bí ẹni tí kò rí ìwé kà ni.

Ní Amsterdam, wọ́n to nǹkan bí 1,000 yàrá onírin fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Keetwonen láàárín 2005 àti 2006. Ọdún márùn-ún ni wọ́n rò. Ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ yá láti tò, kò sì wúwo tó bíríkì. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni wọ́n tò ó sí. Ní Ìkòyí, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan sọ pé àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí. Ó lé ní ogójì ènìyàn tí ó kú.

Nítorí náà, èrò mi nìyí. Òrùlé tí a ṣe láti ru páànù nìkan kò lè ru yàrá, omi inú táǹkì àti ọmọ ọlọ́mọ. Kí a kọ́kọ́ yẹ ìpìlẹ̀ àti òpó wò. Bí wọ́n bá lè rù ú, kí a tò ó, kí a sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ bí ti Ìbàdàn, nítorí irin a máa gbóná. Bí wọn kò bá lè rù ú, kí a wá ilẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.