Òrùka Rọ́bà Mẹ́rin: Ìtàn Ṣáàfù Ọkọ̀ Lotus Elan

Bí ẹnìkan bá wà nítòsí nígbà tí awakọ̀ tí kò tíì mọwọ́ ọkọ̀ Lotus Elan bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì láti gbéra, yóò rí i pé ọkọ̀ kékeré náà kò ní tẹ̀ síwájú gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ yòókù ti í ṣe; yóò kọ́kọ́ lọ́ra bí ẹni tí ń ronú, yóò ta síwájú, yóò tún fà sẹ́yìn, yóò tún ta, bí ọmọ tí ń kọ́ ijó bàtá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì bá ìlù mu. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, gíà kọ́ sì ni. Òrùka rọ́bà mẹ́rin tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ náà, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ni ó ń lọ́ pọ̀ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún, tí ó sì tún ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí rọ́bà ṣe dé ibi tí aráyé ń retí irin, àti bí àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí ṣe ń wá àrọ́pò rẹ̀ láti ìgbà náà wá, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí pé nínú wíwá ẹ̀yà ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a ti lè rí bí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbilẹ̀, tí ó sì fọ́nká.

Ṣáàfù ni ọ̀pá irin tí ń gba agbára lọ́wọ́ gíà, tí ó sì ń gbé e fún ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí gbogbo ọ̀nà bá tẹ́jú bí ẹní, ọ̀pá kan gbọọrọ ìbá tó. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí kò ní gegele, nítorí náà ó di dandan kí ọ̀pá náà ní oríkèé bí apá ènìyàn. Oríkèé yìí pẹ́ láyé ju mọ́tò lọ. Orúkọ Gerolamo Cardano, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ni ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù fi ń pè é títí di òní. Robert Hooke, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan lórí àwọn irinṣẹ́ ìwojú-ọ̀run tí ó tẹ̀ jáde ní 1676. Àléébù kan wà lára rẹ̀: bí ọ̀pá bá tẹ̀, ìparí rẹ̀ kì í yí déédéé, a máa yára lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan, àfi bí a bá to oríkèé kejì sí i lọ́nà tí yóò fi pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ṣì ń lo ẹ̀wọ̀n bíi ti kẹ̀kẹ́, Clarence Spicer, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Cornell, gba ìwé àṣẹ lórí oríkèé tirẹ̀ ní 1903, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà ní Plainfield, ní New Jersey, ní ọdún kejì. Orúkọ rẹ̀ àti ti Hardy ará Coventry ni ó parapọ̀ di Hardy Spicer, iléeṣẹ́ tí ó fìdí kalẹ̀ sí Birmingham, ìlú tí ẹwìrì kì í sùn, tí owú kì í sinmi, Birmingham àgbẹ̀dẹ Ògún Lákáayé, tí ó ti ń rọ ìbọn, gègé ìkọ̀wé àti kẹ̀kẹ́ fún aráyé kí ó tó kan mọ́tò.

Ọkọ̀ asáré ni ó mú ọ̀ràn náà le. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan bá ń dá fò sókè, tí ó ń dá sọ̀ kalẹ̀, àlàfo tí ó wà láàárín rẹ̀ àti gíà ẹ̀yìn a máa gùn, a sì máa kúrú, ṣáàfù náà sì gbọ́dọ̀ gùn kí ó sì kúrú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ Triumph gbé ọkọ̀ TR4A jáde ní 1965, wọ́n fi ọ̀pá kan bọ inú èkejì, wọ́n gé eyín sí wọn lára kí wọ́n lè máa yọ́ wọlé yọ́ jáde. Ṣùgbọ́n bí agbára ẹ́ńjìnnì bá dé sí wọn lára, eyín a di eyín mú, ẹ̀yìn ọkọ̀ a gan, a sì tú lójijì nígbà tí awakọ̀ kò retí rẹ̀. Jaguar gba ọ̀nà mìíràn nínú E-Type tí aráyé kọ́kọ́ rí ní Geneva ní 1961: wọ́n sọ ṣáàfù fúnra rẹ̀ di apá tí ó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú lókè, tí kò fi sí ìdí fún un láti gùn tàbí láti kúrú. Colin Chapman, olórí Lotus, ti fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ṣáàfù lọ́rùn rí nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Elite.

Nínú Elan, ó yí ọwọ́ padà. Ron Hickman ni ó ṣáájú àwọn tí ó ya ọkọ̀ náà, ọkọ̀ náà sì bọ́ sójú ayé níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Earls Court, ní London, ní 1962. Ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ páànù irin tí a ká bí àpótí tóóró. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ilé Ford wá, Harry Mundy, onímọ̀ ẹ̀rọ, sì ya orí tuntun lé e. Odidi rẹ̀ kò wúwo tó 700 kìlógíráàmù, nítorí pé kò sí ohun tí Chapman kórìíra tó ìwúwo. Apá irin gbígbòòrò tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ń tọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sọ́nà, ìyẹn ni pé wọ́n ti sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́rùn ṣáàfù, kò ku iṣẹ́ mìíràn fún un ju yíyí lọ. Nígbà náà ni Chapman fi òrùka rọ́bà sí ìdí rẹ̀ àti orí rẹ̀: rọ́bà ń tẹ̀, rọ́bà ń nà, kò bèèrè gírísì, kò sì ní eyín tí yóò di ara wọn mú.

Rotoflex ni orúkọ òrùka náà. Metalastik ti ìlú Leicester, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ síso rọ́bà mọ́ irin títí méjèèjì yóò fi di ara kan, ni wọ́n ń ṣe é. Bóòtù mẹ́ta dè é mọ́ irin ìhà ìhín, mẹ́ta dè é mọ́ irin ìhà ọ̀hún, tí ó fi jẹ́ pé rọ́bà ni ó ń gbé agbára láti irin kan dé èkejì. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ìgbànú irin a máa wà ní ìbàdí rẹ̀ tí ó fún un pọ̀ kí ihò bóòtù lè bára mu, lẹ́yìn tí a bá sì ti dè é tán ni a ń gé ìgbànú náà dànù. Hillman Imp, tí wọ́n ń ṣe ní Linwood ní Scotland, lo irú rẹ̀ tí ó kéré láti 1963, Triumph náà sì fi í sínú GT6 Mk 2 ní 1968. Nígbà tí agbára Elan kúrò ní 105 agbára ẹṣin, tí ó di 126 nínú èyí tí a ń pè ní Sprint, wọ́n ki irin sínú rọ́bà náà kí lílọ́ rẹ̀ lè dínkù.

Ohun tí ó jẹ́ kí oní-Elan mọ ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni owó-orí. Ọkọ̀ tí a bá tà ní odidi ń san owó-orí ọjà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Èyí tí a bá tà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà kò san án. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ra Elan ní ẹ̀yà, tí wọ́n tò ó fúnra wọn nínú ilé ọkọ̀ wọn, nítorí àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ní oṣù kẹrin 1973, owó-orí tuntun tí wọ́n ń pè ní VAT gba ipò ti àtijọ́, èrè yẹn parí, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe Elan oníjókòó méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di bóòtù ṣáàfù kò bẹ̀rù àti tú u.

Láti ìgbà náà ni wíwá ti di iṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń tilẹ̀kùn, ìlà tí Triumph ti ń to ọkọ̀ ní Canley, ní Coventry, dákẹ́ ní 1980, àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ sì kọrí sí àkìtàn irin àti sí Beaulieu ní Hampshire, níbi tí ọjà ẹ̀yà mọ́tò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ti ń kó wọn jọ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń tẹ́ irin àlòkù sórí koríko bí ìyá alátẹ ti ń tẹ́ ata. Ẹ̀tàn kan wà nínú ọjà yìí tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi etí sí. Irin tí a fi òróró pa lára, tí a sì wé mọ́ bébà, lè sùn fún ogójì ọdún kí ó jí bí ọmọdé. Rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà ń darúgbó nínú òkùnkùn àpótí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó rí, a máa le, a máa sán wẹ́wẹ́, síbẹ̀ orúkọ Metalastik a ṣì máa tàn lára rẹ̀. Àwọn ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú tún wà tí ojú kò lè fi yàtọ̀ sí ojúlówó, ṣùgbọ́n tí rọ́bà wọn ń bó kúrò lára irin lẹ́yìn ìrìn kúkúrú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Òrùka tí ó bá já lórí eré yóò sọ ṣáàfù di kùmọ̀ tí ń lu egungun ọkọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ẹ̀mí ènìyàn kò sì láàrọ̀.

Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwọn kan padà sí oríkèé Hardy Spicer pẹ̀lú eyín tí ń yọ́ wọlé yọ́ jáde, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ohun náà gan-an tí Chapman sá fún. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù lẹ́yìn náà ni oríkèé oníbọ́ọ̀lù. Alfred Rzeppa ni ó gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1920 sí 1930: bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà tí ń yọ̀ nínú ipa tí a gbẹ́ fún wọn, tí yíyí wọn kì í yára, tí kì í falẹ̀, bí ó ti wù kí ọ̀pá tẹ̀ tó. Ó jókòó fún ìgbà pípẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, títí Alec Issigonis, ẹni tí ó ya ọkọ̀ Mini, fi nílò rẹ̀ fún ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà ní 1959, tí Hardy Spicer sì ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní Birmingham. Ẹni tí ó bá fi í sí Elan lónìí yóò rí i pé ijó bàtá náà ti dópin, ọkọ̀ a gbéra bí ọfà. Àmọ́ ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lílù tí rọ́bà ń gbà mọ́ra tẹ́lẹ̀, gíà ẹ̀yìn àti àwọn ọ̀pá kéékèèké ẹnu rẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́ báyìí, wọn kò sì ya àwọn ọ̀pá wọ̀nyẹn fún irú ìyà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oríkèé oníbọ́ọ̀lù ní ibi tí títẹ̀ rẹ̀ mọ. Bí a bá fi jáàkì gbé Elan sókè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ dòdò, ó lè dé ibẹ̀ kí ó há, àfi bí a bá ti de ẹsẹ̀ náà kí ó má baà rọ̀ jù.

Ní 1966, iléeṣẹ́ GKN, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà ní Dowlais ní ilẹ̀ Wales láti 1759, ra Birfield tí ó ni Hardy Spicer. Ní 2018, iléeṣẹ́ Melrose ra GKN. Ní 2021 wọ́n kéde pé àwọn yóò ti ilé iṣẹ́ ṣáàfù tí ó wà ní Chester Road, ní Erdington, ní Birmingham, tí ó ju 500 òṣìṣẹ́ lọ, wọ́n sì tì í pa ní 2022. Ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ni ṣáàfù Elan kù sí, àwọn tí ń gé e ní mélòó kan lẹ́ẹ̀kan fún àwọn oníbàárà tí ìfẹ́ ọkọ̀ náà so pọ̀.

Ní tèmi, rọ́bà ni ó tọ́ sí Elan tí a fẹ́ kí ó rí bí àwọn tí ó yà á ṣe fi í sílẹ̀, bí a bá rí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ jáde. Bí a kò bá rí i, kí a fi irin sí i, kí a sì má ṣe kánjú lórí kílọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rà á kí ó béèrè ọdún tí wọ́n ṣe rọ́bà náà kí ó tó sanwó, kí ó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú iná, kí ó wo òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yíká, kí ó tó tún gbéra.