Àrokò àti Ẹnà Onílẹ́tà: Àpẹẹrẹ láti Gbaji

Ní 1845 ni C. A. Gollmer, Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ìjọ CMS. Ní 1885, àròkọ Gollmer lórí àrokò jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rọrùn láti pe àrokò ní ìwé àṣírí, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá a mu délẹ̀.

Owó ẹyọ mẹ́fà ń jíṣẹ́ pé ọkàn ẹni fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí ìró fà wà nínú ẹ̀fà. Mẹ́jọ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Èdè gan-an ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní Gbaji, ní etíkun tí Ògù àti Yorùbá ti jọ ń gbé, ẹni tí kò gbọ́ ju Ògù lọ yóò ka ẹyọ mẹ́fà, kò ní gbọ́ fà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá lè tú ohun tó gbé dání.

Ẹnà onílẹ́tà ya kọ́kọ́rọ́ kúrò lára èdè. Ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Argenti, akọ̀wé àṣírí àwọn póòpù ní Róòmù, ń fi ọ̀rọ̀ kan tó rọrùn láti rántí tún álífábẹ́ẹ̀tì tò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ GBAJI, a ó kọ GB (lẹ́tà kan ṣoṣo ni), A, J àti I ṣíwájú, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé wọn. A di GB, B di A, Ẹ di B, F di D. Ẹ̀fà, láìsí àmì ohùn, di BDGB. Ẹni tó bá ka GB yìí sí lẹ́tà méjì yóò ṣìnà. Èyí tó burú jù ni pé láti K títí dé Y, lẹ́tà 14 nínú 25, kò sí ohun tó yí padà: ọmọ ṣì ń jẹ́ ọmọ, owó ṣì ń jẹ́ owó.

YEWA, orúkọ odò agbègbè náà, sàn jù, nítorí W àti Y tó wà nínú rẹ̀ ń ti gbogbo lẹ́tà kúrò nípò. Ọmọ di NKN, ìránṣẹ́ kò sì lè mọ ohun tó gbé.

Síbẹ̀, al-Kindi ti fi hàn ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án pé kíka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ tó láti tú irú ẹnà bẹ́ẹ̀. Yorùbá tilẹ̀ ń ran atúnà lọ́wọ́: fáwẹ̀lì méje àti n nìkan ló sábà ń parí ọ̀rọ̀ wa, nítorí náà àmì mẹ́jọ péré ni yóò máa tún ara wọn ṣe ní ìparí ọ̀rọ̀.