Omíyalé Ògùnpa, Omi Lọ́kọ́ja, Omi Lugbe: Nígbà Wo La Ó Fi Ilé Sílẹ̀?

 Bí òjò bá ti ṣú báyìí, ohun tí kálukú máa ń bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé ká jáde ni, àbí ká dúró? Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn dá a lóhùn, torí omi ti lé àwa Yorùbá kúrò nílé rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ ò lè gbàgbé Omíyalé. Ọjọ́ Àìkú ni, 31 oṣù Kẹjọ 1980. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ògùnpa tó gba àárín ìgboro kọjá kún, ó bo bèbè, ó wọlé tọ àwọn èèyàn lọ. Àwọn tó bá a lọ lé ní igba. Ohun tó fà á ò fara sin: wọ́n kọ́lé sétí odò, wọ́n ń dalẹ̀ sínú rẹ̀, ọ̀nà omi dí. Bẹ́ẹ̀ odò yìí kan náà ti yalé ní 1978, ọdún méjì péré ṣáájú. Ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi tún ṣe bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn, ó gbé afárá lọ, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ti Lọ́kọ́ja yàtọ̀. Ní 2012, odò Ọya àti Bénúé kún, wọ́n tún ṣí omi ìdídò Lagdo ní Kámẹrúùnù sílẹ̀. Àjọ NEMA ní èèyàn 363 ló kú káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó sá kúrò nílé sì tó mílíọ̀nù 2.1. Ọ̀nà tí à ń gbà lọ sílé láti Abuja dí pátápátá. Ní 2022, ó tún dí. Ṣùgbọ́n odò ńlá bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń kún. Èèyàn á rí i tó ń bọ̀, á ráyè kó ẹrù.

Tiwa ní Abuja kì í fúnni láyè. Ilẹ̀ wa gun òkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀, òkúta pọ̀, kọnkéré sì ti bo ibi tó yẹ kí omi máa wọ̀. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, 23 oṣù Kẹfà 2023, omi ya wọ Trademore Estate ní Lugbe, tí kò jìnnà sí wa. Àjọ FEMA ti Abuja ní ilé 116 ni omi bá fínra. Estate yìí kan náà lomi ti ya wọ̀ ní 2021. Ẹ ò rí i pé bíi ti Ògùnpa ló rí? Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ rèé: nínú omi irú èyí, kò sáyè à ń kó ẹrù. Ohun tá a máa gbé, ká ti dì í sílẹ̀ kí òjò tó dé. Ìwé ilẹ̀, sátífíkéètì àwọn ọmọ, oògùn àgbàlagbà, tọ́ọ̀ṣì, owó díẹ̀, ẹ wé gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ kó o sínú báàgì kan.

Bí omi bá ti ń wọ kọ́ńpáùn, tí ọ̀nà ṣì dáa, ẹ gbé ọmọdé, ẹ mú àgbà, ẹ kọrí sókè. Ẹ ti gáàsì pa. Ẹ pa iná láti ìdí mítà, àfi tí omi bá ti débẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà yẹn. Omi tó dé orúnkún tó ń sáré lè gbé géńdé ṣubú, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gbé mọ́tò. Nítorí náà, ẹ má wa ọkọ̀ kọjá nínú ẹ̀. Bí omi bá ti yí ilé ká, ẹ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kẹ́ ẹ pe 112.

Ó máa ń le fún àwa ọlọ́jà. Èèyàn á jáde tán, á rántí jẹnẹrétọ̀, á rántí ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, á ní kóun sáré padà. Ẹ má padà o. Ọjà tó bàjẹ́, a ṣì lè rà á. Ẹni bá kú ló gbé.

Ohun kan wá kù tó ń kọ mí lóminú. N'Íbàdàn, ẹni tí omi lé á wá agboolé ìyá ẹ̀ lọ, wọ́n á tẹ́ ẹní fún un. Àwa tá a wá jẹun síbí ńkọ́? A ò ní agboolé ní Galadimawa, ara wa la ní. Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni ejí rí lejí ń pa. Ẹ̀yin tílé yín wà lókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ lónìí pé ilẹ̀kùn yín ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, ẹ ti mọ ilé tẹ́ ẹ máa sá lọ kílẹ̀ tó ṣú.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rógun omi o.